Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ìtàn Kòkòrò Ajẹgi Nínú Gẹdú Bìní

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá fi ojú òwe yìí wo ìtàn òwò gẹdú ní ilẹ̀ Bìní, a ó rí i pé ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti dá fún ọdún gbọọrọ láìgbọ́ tẹnu gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹjọ́ náà ni ti kòkòrò kékeré tí í lu ìtì igi ní ihò. Òun ni àwọn agégi pè ní olè, òun ni àwọn oníṣòwò pè ní ọ̀tá, òun náà ni ìjọba sì wá oògùn olóró sí. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí kò dá iṣẹ́ kankan ṣe rí. Ó ní àwọn alábàágbé tí ojú lásán kò tó. Olú wínníwínní wà lára wọn. Bakitéríà náà wà lára wọn, èyíinì ni àwọn ohun abẹ̀mí tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí wọn àfi pẹ̀lú awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá.

Àròkọ yìí yóò kọ́kọ́ sọ bí igbó Bìní ṣe di ọjà àti bí kòkòrò ajẹgi ṣe di ọ̀daràn nínú ọjà náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tọpasẹ̀ bí àwọn onímọ̀ ṣe fi ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ àwọn ará ilé kòkòrò náà, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí bakitéríà ń ṣe níbẹ̀. Ní ìparí, yóò bi í léèrè pé kí ni igbó fúnra rẹ̀ rí jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Igbó Bìní di ọjà

Kí Òyìnbó tó dé ni àwọn Bìní ti mọ igi lò. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́gilére àti agbẹ́yín-erin tí wọ́n ń pè ní Igbesanmwan ni ó ń gbẹ́ nǹkan fún ààfin. Igi ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ọ̀pá tí ń jẹ́ ukhurhe, èyí tí wọ́n ń kó sórí pẹpẹ àwọn baba ńlá. Igi tí wọ́n nílò kò pọ̀, igbó sì tóbi. Igi tí ó bá wó, tí ẹnikẹ́ni kò gbé, níbẹ̀ ni í jẹrà sí.

Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú Bìní. Wọ́n kó ààfin lẹ́rù, iná jó ìlú, wọ́n sì mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó ti wàjà ní ọdún 1914. Ohun tí àgbáyé mọ̀ jù lọ nípa ọdún náà ni ti àwọn ère idẹ àti eyín erin tí wọ́n kó lọ. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ mìíràn wà tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti ìgbà náà: ọrọ̀ igbó. Àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó gba àṣẹ láti gé igi ní agbègbè tí ó fẹ̀ gan-an. Ọ̀gànwó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá kiri, nítorí pé àwọn tí ń ṣe àga àti tábìlì ní ìlú Òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a gé igi, wọn a yí i lọ sí etí odò, wọn a so ìtì pọ̀ mọ́ ìtì, omi a sì gbé wọn gba odò Ossiomo, Jamieson àti Ethiope lọ sí Sapele, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń kó wọn. Títí di òní ni irú igi kan wà tí ń jẹ́ sapele káàkiri àgbáyé. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pè é.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ United Africa Company dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, òwò gẹdú wà lára ohun tí ó gbajú mọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ìlagi àti ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe pákó pẹlẹbẹ onípele ní Sapele di gbajúgbajà. Kì í wá ṣe ọ̀gànwó nìkan ni ọjà ń bèèrè mọ́. Àrère, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní obeche, di igi olówó pẹ̀lú, nítorí pé ó fúyẹ́, ó funfun, ó sì rọrùn láti là.

Ìjọba amúnisìn kò jókòó lásán. Wọ́n pààlà sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di igbó ọba. Ti Okomu bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1912. Ní Sapoba, wọ́n dá ibi ìwádìí lórí igi gbígbìn sílẹ̀. J. D. Kennedy, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1936 lórí àwọn igi igbó Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn nínú igbó Nàìjíríà. Nínú ètò náà, wọ́n a gé àwọn ìtàkùn, wọ́n a sì fi oògùn olóró pa àwọn igi tí wọ́n kà sí aláìwúlò ní òòró, kí oòrùn lè ráyè wọlé kan ọmọ àwọn igi olówó. Ó yẹ kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ “aláìwúlò” yìí sọ́kàn, nítorí pé yóò tún jẹyọ níwájú.

Ihò wínníwínní

Igi tí ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó dàgbà lè díbàjẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rí báyìí. Bí igi bá ti wó, oje inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kan, gẹ́gẹ́ bí ẹmu ṣe ń kan bí ó bá sùn mọ́jú. Òórùn ọtí a máa jáde láti inú èèpo. Bí òórùn ẹmu ti í pe eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni òórùn yìí í pe kòkòrò ajẹgi. Láàrin ọjọ́ kan sí méjì, wọn a ti dé. Èyí tí kò gùn ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ nínú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi, lẹ́búlẹ́bú funfun a sì máa dà sílẹ̀ lẹ́nu ihò. Ihò náà a gba inú èèpo kọjá, a wọ inú igi lọ, a pẹ̀ka sọ́tùn-ún sósì. Ògiri rẹ̀ a di dúdú. Bí ẹ̀rọ bá wá la ìtì náà sí pákó, ojú pákó a rí bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá lù ú káàkiri.

Irú gẹdú bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi ṣe ojú pákó onípele, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ọ̀gànwó fún àga olówó kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà òjò ni ìṣòro náà máa ń le jù, nítorí ọ̀nà inú igbó a di ẹrẹ̀, ọkọ̀ kò ní lè wọlé, ìtì igi a sì máa sùn sílẹ̀ níbi tí wọ́n gé e sí. Èyí tí ó bá dé inú odò pàápàá kò tíì bọ́: abẹ́ rẹ̀ tí ó wà nínú omi a yè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó yọ sókè a gba ihò.

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 1953 wọ́n dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ ní Kumasi, ní orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Gold Coast nígbà náà, tí ó di Gáná ní ọdún 1957. Iṣẹ́ ẹ̀ka náà ni láti mọ gbogbo nípa àwọn kòkòrò tí í lu gẹdú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni H. Roberts ti ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Trachyostus ghanaensis, èyí tí kì í dúró de ìgbà tí wọ́n bá gé igi. Àrère tí ó ṣì dúró, tí ó ṣì léwé lórí, ni í kọlù. Ní ọdún 1969, ọkùnrin yìí kan náà tẹ ìwé jáde lórí àwọn kòkòrò inú igbó Nàìjíríà.

Ìmọ̀ràn tí àwọn agégi ń gbà nígbà náà ni pé kí wọ́n tètè gbé igi kúrò nínú igbó, kí wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò tí ń jẹ́ BHC fín ìtì igi ní ọjọ́ tí wọ́n bá gé e gan-an. Oògùn náà pa kòkòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lágbára ju bí àwọn tí ń fín in ti rò lọ. Kì í tètè parẹ́ nínú ilẹ̀ àti omi, a sì máa wọ inú ọ̀rá ara ènìyàn àti ẹranko. Ní ọdún 2009 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Stockholm ka lindane, tí í ṣe ojúlówó agbára oògùn náà, mọ́ àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Orúkọ Ìpínlẹ̀ ń yí padà: ó di Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1963, ó di Bendel ní 1976, ó sì di Ẹdó ní 1991. Ihò inú gẹdú kò yí padà ní tirẹ̀.

Oko inú igi

Orúkọ tí a fún kòkòrò yìí gan-an, “ajẹgi”, ti jẹ́ ẹ̀rí èké sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú ìdílé náà wà lábẹ́ èèpo igi, tí wọ́n sì ń jẹ inú èèpo tí ó rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí í gbẹ́ ihò wọ inú igi Bìní, bí irú Xyleborus àti Platypus, kì í jẹ igi rárá. Lẹ́búlẹ́bú tí ń dà lẹ́nu ihò wọn ni ẹlẹ́rìí: bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ni, wọn kì bá ti gbé e dà síta.

Kí ni wọ́n wá ń jẹ? Ní ọdún 1836 ni Joseph Schmidberger, ará Austria, rí ohun funfun kan tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri ihò náà, tí àwọn ọmọ kòkòrò ń jẹ. Kò mọ ohun tí í ṣe, ó sì fi orúkọ oúnjẹ àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì pè é: ambrosia. Ní ọdún 1844, Theodor Hartig ti ilẹ̀ Jámánì fi yé ayé pé olú ni. Ní ọdún 1897, ọdún tí Bìní ṣubú gan-an, H. G. Hubbard tẹ ìwé jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn kòkòrò olóko olú wọ̀nyí. Nígbà tí igbó Bìní ń di ọjà, àwọn kan ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ibòmíràn pé àgbẹ̀ ni ẹni tí a ń pè ní olè.

Èyí kò yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àgbẹ̀ wo ni kò tíì ká olú lórí ọ̀gán rí? Àwọn ikán kan wà tí wọ́n ń gbin olú sínú ọ̀gán wọn, wọ́n ń fi ewé àti igi tí wọ́n kó wálé bọ́ ọ, olú náà sì ń di oúnjẹ fún wọn. Iṣẹ́ kan náà ni kòkòrò inú igi ń ṣe. Nínú irú Xyleborus, abo ni í dá ilé sílẹ̀, nítorí akọ rẹ̀ kò lè fò. Bí ó ti ń fi ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ti gbé irúgbìn olú sínú àpò kékeré kan ní ara rẹ̀. Bí ó bá gbẹ́ ihò tuntun, a fi irúgbìn náà sí ògiri, olú a hù, ìyá a jẹ, ọmọ a jẹ. Àwọ̀ dúdú tí àwọn oníṣòwò ń rí lára pákó, ipa oko yìí ni. Ọtí inú igi pàápàá kò wà lásán: ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé ọtí náà ń jẹ́ kí olú tí kòkòrò gbìn ṣe dáadáa, ó sì ń dí àwọn olú àjèjì lọ́wọ́, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá yan ilẹ̀ tí koríko kò fẹ́ràn.

Àwọn tí ojú kò rí

Olú nìkan kọ́ ni ará ilé. Ní ọdún 1879 ni Anton de Bary, ọmọ Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn ohun abẹ̀mí tí kò bá ara wọn tan ṣe lè jọ máa gbé pọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àjọgbé ti di ẹ̀kọ́. Ní ọ̀rúndún ogún, Paul Buchner, ọmọ Jámánì mìíràn, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá àwọn bakitéríà tí ń gbé nínú ara kòkòrò. Ó rí wọn nínú ìbátan kòkòrò ajẹgi kan tí ń gbé inú kóró èso déètì. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí láti ìgbà yẹn fi hàn pé iṣẹ́ mẹ́rin ni ó hàn gbangba tí bakitéríà ń ṣe fún ìdílé kòkòrò yìí.

Iṣẹ́ kìíní ni ti ọmọ bíbí. Xyleborus ferrugineus wà ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà àti ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wisconsin sọ ohun ìyanu kan nípa rẹ̀. Abo kòkòrò yìí tí kò tíì rí akọ lè yé ẹyin tí yóò di ọmọ, ṣùgbọ́n ẹyin náà kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà bí kò bá sí bakitéríà tí ń gbé pẹ̀lú ìyá. Ní ọdún 2006, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún hàn lára kòkòrò inú kóró déètì: nígbà tí wọ́n fi oògùn pa bakitéríà inú rẹ̀, ẹyin kò gbó nínú abo mọ́. Ènìyàn lè máa wo kòkòrò kí ó rò pé òun ni ó bímọ. Ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn ọmọ náà kò hàn sí i.

Iṣẹ́ kejì ni ti oúnjẹ. Igi kò ní ọ̀pọ̀ náítírójìn nínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun abẹ̀mí tí ó lè gbó láìsí i. Afẹ́fẹ́ kún fún un, ṣùgbọ́n kòkòrò kò lè mú un láti ibẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin ẹ̀wà sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá mọ̀ pé ilẹ̀ náà a tún jí. Bakitéríà tí ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà ni í mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀. Láti ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ ní Mẹ́síkò ti rí bakitéríà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ìfun àwọn kòkòrò èèpo igi. Ní ọdún 2013, wọ́n tún fi hàn pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tún ìgbẹ́ kòkòrò náà lò, kí náítírójìn inú rẹ̀ má baà ṣòfò.

Iṣẹ́ kẹta ni pípa oró. Igi kì í dúró kí wọ́n máa jẹ ẹ́ láìjà. Igi páìnì, fún àpẹẹrẹ, a máa da oje tí ó kún fún oró sí kòkòrò tí ó bá lu èèpo rẹ̀. Ìwádìí ọdún 2013 fi hàn pé àwọn bakitéríà kan tí ń bá kòkòrò èèpo igi gbé ní àwọn òkè Àríwá Amẹ́ríkà a máa dín oró yìí kù. Kòkòrò náà kò kéré ní ìjà: ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, láti nǹkan bí ọdún 1990 lọ sókè, ìdìde rẹ̀ kan igbó tí ó ju mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà lọ. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé jù ni ti kọfí. Hypothenemus hampei, kòkòrò tí í gbẹ́ inú kóró kọfí, ọmọ Áfíríkà ni, ìbátan kòkòrò èèpo igi sì ni. Kafeéènì tí ó wà nínú kóró kọfí jẹ́ májèlé fún kòkòrò tó pọ̀, síbẹ̀ òun ń jẹ ẹ́ yó. Ní ọdún 2015 ni ìdí rẹ̀ hàn. Nígbà tí wọ́n fún un ní oògùn tí ó pa bakitéríà ìfun rẹ̀, kafeéènì gba inú rẹ̀ kọjá láìyí padà. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀kan nínú bakitéríà náà, Pseudomonas fulva, padà sínú rẹ̀, kafeéènì tún bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Ẹni tí ń jẹ májèlé tí kò kú, ẹ wo inú ilé rẹ̀ kí ẹ tó yìn ín.

Iṣẹ́ kẹrin ni ṣíṣọ́ oko. Oko olú ní èpò tirẹ̀, èyíinì ni àwọn olú àjèjì tí wọ́n lè bo ti kòkòrò mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2006, wọ́n ṣàkíyèsí ní Amẹ́ríkà pé bí kòkòrò èèpo kan bá bá olú ọ̀tá pàdé nínú ihò rẹ̀, a máa pọ omi ẹnu sí i, bakitéríà inú omi ẹnu náà sì ń dá olú ọ̀tá dúró. Ní ọdún 2008, àwọn mìíràn rí bakitéríà kan lára kòkòrò tí ń jẹ́ Dendroctonus frontalis. Bakitéríà náà ń pèsè oògùn tí ó pa olú ọ̀tá ju bí ó ti pa olú oko kòkòrò lọ. Inú ìdílé Streptomyces ni bakitéríà yìí ti wá, ìdílé kan náà tí wọ́n ti rí streptomycin ní ọdún 1943, oògùn tí ó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ́wọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ohun tí ènìyàn ń yọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, kòkòrò ti ń lò ó tipẹ́. Àjọgbé kòkòrò inú igi àti olú rẹ̀ ti tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún.

Kò yẹ kí á wá ti ìhà kan bọ́ sí ìhà kejì, kí á máa sọ pé gbogbo bakitéríà tí ó wà lára kòkòrò ni ó ń ṣe é lóore. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sùn nínú ilé ni í ṣe ará ilé. Àwọn mìíràn jẹ́ àlejò tí ń kọjá lọ, àwọn mìíràn jẹ́ àrùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn tí í ṣe ará ilé tòótọ́ pọ̀ tó láti sọ ẹjọ́ náà di tuntun.

Èrè igbó

Bí kòkòrò bá ń fi ìdílé rẹ̀ ṣọlá nínú igi, kí ni igbó rí níbẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ilẹ̀ Bìní fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ pupa oníyanrìn ni, òjò a sì máa fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà, apá tó pọ̀ nínú ọrọ̀ igbó náà kò sí nínú ilẹ̀. Ara igi ni ó wà. Bí igi bá kú, tí kò sì jẹrà, ọrọ̀ náà tì sínú àpótí. Kòkòrò ajẹgi wà lára àwọn tí í kọ́kọ́ dé láti ṣí àpótí náà. Ihò rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí omi, afẹ́fẹ́ àti olú mìíràn ń gbà wọlé. Ikán a tẹ̀ lé e, ẹyẹ àkókó a wá ọmọ kòkòrò jẹ níbẹ̀, ìtì igi a sì di ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àdánù ní etí odò Sapele, oúnjẹ ni fún irúgbìn tí ń hù lábẹ́ igbó.

Ẹ̀rí kan wà ní Okomu tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ̀. Nígbà tí E. W. Jones ṣe ìwádìí nínú igbó náà, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1955 àti 1956, ó bá èédú àti àpáàdì ìkòkò lábẹ́ ilẹ̀ igbó tí ènìyàn lè pè ní igbó àtayébáyé. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1999 fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje tí àwọn èédú náà ti wà níbẹ̀. Èyí ni pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí, wọ́n ti dáko, wọ́n sì ti kúrò. Igbó padà wá. Kò sì lè padà wá bí kò bá sí ẹni tí ń sọ igi òkú di ilẹ̀ fún igi ààyè, láti ìran dé ìran, ní ìdákẹ́jẹ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ “aláìwúlò” ti tún jẹyọ. Àwọn tí ó fi oògùn pa igi ní òòró láti ọdún 1944 kà á sí pé igi tí kò lówó lórí kò níṣẹ́ nínú igbó. Wọ́n fi ojú kan náà wo kòkòrò: ohun tí ó bá ba ọjà jẹ́, ọ̀tá ni. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọjà, wọn kò gbọ́ ti igbó.

Síbẹ̀, ẹ̀rù àwọn oníṣòwò kì í ṣe ẹ̀rù asán, nítorí pé ìdílé kòkòrò yìí lè di àjálù bí wọ́n bá gbé e kúrò nílé rẹ̀. Ní ọdún 2002 ni wọ́n rí Xyleborus glabratus, ọmọ ilẹ̀ Éṣíà, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Olú tí ó gbé wá bá a kò ṣe igi ilẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn igi ìlú àlejò kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n sì kú lọ bẹẹrẹbẹ. Igi tí wọ́n fi di ẹrù ọkọ̀ òkun tó láti gbé odindi ìdílé sọdá. Ìdí nìyí tí àwọn aṣọ́bodè kárí ayé fi ń fi ojú ṣọ́ igi tí ń wọlé.

Ìkádìí

Ní àkótán, ìtàn yìí fi hàn pé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́ta ni ó lu gẹdú Bìní: kòkòrò gbẹ́ ilé, olú di oúnjẹ, bakitéríà sì ń ṣètọ́jú ẹyin, oúnjẹ àti oko. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, tí ayé pẹ́ jù lọ kí ó tó mọ̀, wà lára àwọn tí ìdílé náà kò lè ṣe aláìní.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń gé igi: oògùn tí ó fín ní ọdún 1955 kò ṣe é fín mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kejì ìgbà yẹn kò gbó. Kí ó má gé ju ohun tí ó lè tètè gbé lọ, kí ó sì má jẹ́ kí ìtì sùn nínú igbó ní ìgbà òjò. Ẹ̀kọ́ wà fún àwọn aláṣẹ pẹ̀lú. Igbó Bìní tí ó kù kò tó nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àwọn agégi ìgbà àkọ́kọ́ bá. Apá kan ní Okomu di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1999. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣọ́ igi ààyè tí ó dúró níbẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa kó gbogbo igi òkú ilẹ̀ rẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ó ń ṣọ́ ilé tí ó sì ń ta ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù ni ti olùkọ́. Bí ọmọ ilé-ìwé bá mú ègé pákó tí ó ní ihò wínníwínní wá sí kíláàsì, tí ó bèèrè pé ta ni ó jẹ ẹ́, kí olùkọ́ má yára dárúkọ ẹnìkan. Kí ó fi hàn án pé igi yẹn kò di jíjẹ, oko ni ó dì. Kí ó sì sọ fún un pé ẹni tí a rí lẹ́nu ihò kọ́ ni gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi òkú fi ń di igbó.